Ọṣẹ: báwo la ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ ọdún 5 sí 8 láì purọ́ fún wọn?

Olùkọ́_Èwe

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dá lórí ọṣẹ, ohun tó jẹ́ àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ogún ọmọ ni wọ́n. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 5, èyí tó dàgbà jù jẹ́ 8. Ohun tó wà nínú ìwé wọn ni pé jagunjagun ni ọṣẹ, pé ó ń bá ìdọ̀tí jà títí á fi lé e dànù. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó jọ pé ìtàn lásán ni. Kí ni ká fi rọ́pò rẹ̀? Kí ni wọ́n sì lè fi ojú ara wọn rí láàárín ìṣẹ́jú 40, láìsí iná, láìsí nǹkan tó lè bó wọn lára?

Kẹ́mísírì_Àgbà

Ìtàn lásán ni lóòótọ́. Ọṣẹ kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Alárinà ni.

Omi ò gba ti òróró, òróró náà ò gba ti omi. Ọṣẹ ló mọ àwọn méjèèjì. Ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé mólékù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ègé rẹ̀ tó kéré jù lọ, ní apá méjì tí ìwà wọn ò jọra rárá: orí tó fẹ́ràn omi, àti ìrù gígùn tó ń sá fún omi, tó sì fẹ́ràn òróró àti ọ̀rá. Orí di omi mú, ìrù di òróró mú, omi bá ń wọ́ òróró lọ. Tí ìyẹn bá ti yé ọmọ, ọwọ́ fífọ̀, abọ́ fífọ̀ àti bọ́ọ̀lù ọṣẹ tí wọ́n ń fẹ́ lẹ́nu, kò sí èyí tí kò ní yé e.

Ẹ má fi orúkọ bẹ̀rẹ̀ o. Ìgò ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá ìgò oníke méjì tó mọ́ gaara, tí ìdérí wọn dé pinpin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bíi mílílítà 250. Ẹ bu omi mílílítà 100 sí ìkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá da òróró ṣíbí ìjẹun kan sí i, ìyẹn mílílítà 15. Kí wọ́n gbọn ìgò kìíní dáadáa títí wọ́n á fi ka ení dé ogún. Òróró á fọ́ wẹ́wẹ́, á wá dà bíi pé omi ti gbà á. Ẹ gbé ìgò kalẹ̀, kí gbogbo wọn tẹjú mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú 2 ò ní pé tí òróró á fi máa gun orí omi padà.

Ìgbà yẹn lẹ máa wá da ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ sínú ìgò kejì, ṣíbí kékeré kan, mílílítà 5. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í: wọ́n á gbọn ọ́n bíi ti àkọ́kọ́, ìfófó á kún ìgò bámú, ọmọ ò ní rí nǹkan kan mọ́. Ẹ kàn máa dojú rẹ̀ délẹ̀, kẹ́ ẹ dá a padà, ní ìgbà 20, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Omi náà á funfun bíi wàrà, á sì pẹ́ kí òróró tó gòkè.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n pé, "Kí ló dé tí ti ìgò kejì ò yà?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn tán kó tó kàn yín.

Etí_Odò

Ẹ lè kán àwọ̀ oúnjẹ sínú omi kó lè hàn ketekete. Omi ló máa gbà á, òróró ò ní gbà á. Ẹ̀kán 2 ti tó. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó, inú ìgò méjèèjì ni kó wà. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ló ní àwọ̀, ọmọ kan á sọ pé àwọ̀ ló fa ìyàtọ̀, ẹ ò sì ní rí èsì fún un.

Ìdérí_Ìgò

Fún orí àti ìrù, igi ìṣáná ni mo fara mọ́. Orí pupa, ìrù funfun, ó ti pé. Ẹ to 10 sórí tábìlì, ó parí.

Olùtọ́jú_Láàbù

Rárá o, ẹ̀yin ará, ẹ má fi ìṣáná sí ọmọ ọdún 5 lọ́wọ́, pàápàá ní ọjọ́ tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí iná. Òwú orí igi tí wọ́n fi ń ro etí ló dáa jù, ó sì tún ní àǹfààní tí ìṣáná ò ní: òwú ń fa omi lóòótọ́. Ọmọ á fi í bọ inú omi aláwọ̀, á rí i pé orí mu omi, igi ò mu ún. Ẹ rí i pé àpèjúwe náà ń hùwà bí ohun tó ń ṣàpèjúwe.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ gé igi náà kúrú, kó ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lábẹ́ òwú. Ẹ fi amọ̀ ìṣeré rọ bọ́ọ̀lù kékeré kan, kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4. Bọ́ọ̀lù yìí ni ẹ̀kán òróró. Ọmọ á máa gún igi wọ inú amọ̀ títí òwú nìkan á fi kù níta. Ó máa gba nǹkan bíi 40. Tí ẹ bá fún wọn ní 10 péré, amọ̀ á ṣì máa hàn, ọmọ á sì rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ohun tí a fẹ́ kó rí ni pé nígbà tí òwú bo gbogbo ara bọ́ọ̀lù, omi tó wà níta ò rí òróró mọ́. Orí ọṣẹ nìkan ló ń rí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kán òróró náà fi lè máa rìn kiri nínú omi láì tún lọ lẹ̀ mọ́ òróró mìíràn.

Tí igi bá gùn ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á máa kọ lu ara wọn ní àárín bọ́ọ̀lù, amọ̀ á sì là. Ẹ gé e sílẹ̀ kí wọ́n tó dé.

Kẹ́mísírì_Àgbà

Ti òwú yẹn dára gan-an. Àtúnṣe kékeré kan, fún ẹ̀yin olùkọ́, kì í ṣe fún àwọn ọmọ: funfun tí ẹ rí nínú ìgò kejì, ẹ̀kán òróró wẹ́wẹ́ tí ọṣẹ yí ká ni. Wọ́n tóbi tó láti fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, ìdí tó fi funfun nìyẹn. Ọṣẹ máa ń ṣù jọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, àní bí òróró ò tilẹ̀ sí níbẹ̀, ìrù sínú, orí síta, bíi mólékù 50 sí 100 nínú ìṣù kan. Ìyẹn la ń pè ní mísẹ́ẹ̀lì. Nánómítà (ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà) bíi mélòó kan péré ni, ojú ò lè rí i, omi tí mísẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀ ṣì máa ń mọ́ gaara. Ẹ má nawọ́ sí ìgò funfun kẹ́ ẹ ní "mísẹ́ẹ̀lì rèé". Àwọn kan ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò tọ̀nà.

Àjàó_Ń_Béèrè

Ẹ̀yin ọ̀gá, ti ata ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń bu ata dúdú lílọ̀ sójú omi, tí ọmọ á fi ọṣẹ sí ìka, tí ata á sá. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Ṣé ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu?

Olùtọ́jú_Láàbù

Ó bá a mu tí àlàyé rẹ̀ bá tọ́. Àlàyé tí wọ́n sábà ń ṣe ni pé ata dúró fún kòkòrò àrùn, pé ẹ̀rù ọṣẹ ló bà á tó fi sá. Irọ́ gbuu ni. Ata ò mọ ọṣẹ rí.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn mólékù omi fẹ́ràn ara wọn, wọ́n ń fa ara wọn mọ́ra. Àwọn tó wà lójú omi ò ní ẹnì kankan lókè tó lè fà wọ́n, nítorí náà ojú omi máa ń le bí awọ ìlù tí wọ́n fà sẹ́nu ìlù. Ọṣẹ tó bá já sí omi máa ń sáré lọ sójú omi, nítorí ìrù rẹ̀ ń wá bó ṣe máa jáde nínú omi. Á wá wà níbẹ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ tó ń wá oúnjẹ nísàlẹ̀ odò: orí nínú omi, ìdí lókè. Ibi tí wọ́n bá ti pọ̀, awọ ìlù yẹn á dẹ̀. Ó dẹ̀ ní àárín, ó ṣì le létí àwo. Ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí apá kan bá tú okùn sílẹ̀ nínú eré okùn-fífà. Etí àwo fà á, ojú omi sáré lọ síbẹ̀, ata tó léfòó lórí rẹ̀ bá a lọ.

Kí èyí lè yé wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí awọ náà kó tó dẹ̀. Ẹ bu omi sínú ife títí dé etí. Ẹ gbé kílíìpù onírin tí wọ́n fi ń di ìwé pọ̀ sórí ègé bébà ìnujú tó tóbi bí àtàǹpàkò, kẹ́ ẹ gbé méjèèjì lé ojú omi. Ẹ fi ṣóńṣó pẹ́ńsù rọra ti bébà náà sísàlẹ̀. Bébà á rì, irin á dúró sójú omi. Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó wò ó láti ẹ̀gbẹ́: ojú omi tẹ̀ lábẹ́ irin náà bí ẹní tí èèyàn dùbúlẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kán ọṣẹ kan létí ife. Irin á rì lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ata. Àwo pẹrẹsẹ, omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 1, ata díẹ̀ lójú rẹ̀ káàkiri. Kí ọmọ kọ́kọ́ ti ìka tó mọ́ bọ àárín. Kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀. Kó wá fi ìka kan náà kan ọṣẹ olómi, kó tún ti í bọ ọ́.

Ó máa ń bàjẹ́ ní ìgbà kejì. Ọṣẹ tó ṣẹ́kù lára àwo, bó ti wù kó kéré tó, ti dẹ awọ náà sílẹ̀ kí ọmọ kejì tó dé, ata á kàn dúró síbẹ̀ ni. Ẹ pín àwọn ogún náà sí márùn-ún márùn-ún, àwo kan fún ìpín kan, kẹ́ ẹ sì ní àwo 4 mìíràn nílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ lo àwo kan náà, omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án léraléra, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má gbàgbé ìka ọmọ náà: ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ti bà á jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Àti ata: tí ìka tó kan ata bá kan ojú, ẹkún dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣan ọwọ́ kí wọ́n tó kúrò nídìí tábìlì.

Olùkọ́_Èwe

Ẹ ṣeun púpọ̀, ó ti ń yé mi. Méjì ṣì kù. Àwọn ọmọ ọdún 7 àti 8 máa béèrè pé kí ni wọ́n fi ṣe ọṣẹ. Ìwé náà tún ní ká lo ọ̀rọ̀ "àpòpọ̀". Báwo la ṣe máa yà á sọ́tọ̀ kúrò lára "àdàlù" láìsí gbólóhùn gígùn?

Kẹ́mísírì_Àgbà

Ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ bu ìlẹ̀kẹ̀ dúdú àti pupa sínú abọ́ kan, ẹ rò wọ́n pọ̀: àdàlù nìyẹn. Ọmọ lè ṣa wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wá sín wọn sórí okùn ní ètò kan pàtó, ẹ ta á ní kókó: àpòpọ̀ nìyẹn. Ètò náà ló sọ ọ́ di ohun tó jẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ ya wọ́n, ẹ máa já okùn.

Ẹ sì lè sín ọṣẹ gan-an, nítorí iye rẹ̀ ò pọ̀ ju ohun tí ọmọ lè kà lọ. Ẹ jẹ́ ká mú sódíọ̀mù stearate, ọ̀kan lára àwọn mólékù inú ọṣẹ líle. Ìlẹ̀kẹ̀ dúdú 17 ní ìtẹ̀léra, ìyẹn kábọ̀nù ìrù. Dúdú kan sí i, ìkejìdínlógún, tí pupa 2 so mọ́: ọ́síjìn ni pupa, ibẹ̀ ni orí wà. Ìlẹ̀kẹ̀ àwọ̀ ewé kan ni sódíọ̀mù, ṣùgbọ́n ẹ má sín in mọ́ okùn. Ẹ kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, torí tí ọṣẹ bá ti wọ omi, sódíọ̀mù á jáwọ́, á lọ sínú omi tirẹ̀. Háídrójìn 35 tó wà lára ìrù, ẹ fi sílẹ̀ fún ọdún mìíràn. Okùn á kún, ojú á sì dàrú. Ẹ má fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ọdún 5, nítorí wọ́n ṣì máa ń ju nǹkan sẹ́nu.

Tí àkókò bá wà, ẹ sín mẹ́ta tí dúdú wọn jẹ́ 12, 16 àti 18. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń wà nínú ọṣẹ líle kan ṣoṣo. Nítorí náà, tí ọmọ tó mú ọgbọ́n dání bá béèrè pé "ṣé àpòpọ̀ ni ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ mi ni àbí àdàlù?", ìdáhùn ni pé àdàlù àwọn àpòpọ̀ tó jọra ni, pẹ̀lú omi díẹ̀ àti òórùn dídùn tí wọ́n fi sí i. Ẹ má sá fún ìbéèrè yẹn.

Ohun tí wọ́n fi ń ṣe é: òróró tàbí ọ̀rá, pẹ̀lú sódíọ̀mù háídrọ́ksáìdì, èyí tí wọ́n ń pè ní caustic soda. Mólékù ọ̀rá dà bí ìrù mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ mọ́ igi kan. Sódíọ̀mù háídrọ́ksáìdì á já wọn kúrò lára igi náà, ìrù kọ̀ọ̀kan á di ọṣẹ, igi tó ṣẹ́kù á di gílísáríìnì. Chevreul, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàlàyé bí ọ̀rá ṣe rí nínú, ó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1823. Èèyàn ti ń se ọṣẹ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò. Ohun tó yẹ kí ọmọ mú lọ ni pé ọ̀rá ń ta ojú omi nù, sódíọ̀mù háídrọ́ksáìdì ń jó èèyàn lára, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn méjèèjì dà kò ṣe bíi ọ̀kankan nínú wọn. Ìyẹn ni àmì àpòpọ̀.

Ẹ má se ọṣẹ lójú wọn o. Sódíọ̀mù háídrọ́ksáìdì máa ń gbóná lójijì tó bá kan omi, ó sì lè fọ́ ojú. Ọ̀nà ìrọ̀rùn tí àwọn kan ń lò ni yíyọ́ ọṣẹ tó ti wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n dà á sínú àwòṣe. Kò sí àpòpọ̀ tuntun nínú ìyẹn, ọṣẹ ló wọlé, ọṣẹ ló jáde.

Etí_Odò

Kí n fi ẹ̀rí kan kún un, nítorí ọmọ ọdún 8 máa bi yín pé báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ní orí. A ò lè fi orí náà hàn án, ṣùgbọ́n a lè bà á jẹ́ lójú rẹ̀.

Ẹ rin ọṣẹ líle, ṣíbí kékeré kan tó kún dé etí, sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ mílílítà 200. Ẹ máa rò ó títí á fi yọ́. Ẹ fi òróró ṣíbí kékeré kan sí i, kẹ́ ẹ pò ó títí á fi funfun. Lẹ́yìn náà, fínígà ṣíbí ìjẹun 2. Ẹ rọra rò ó. Ìfófó á kú, nǹkan funfun tó dà bí ọ̀rá dídì á máa yọ wẹ́wẹ́, òróró á sì gòkè wá. Fínígà fún orí ọṣẹ ní háídrójìn, orí ò sì fẹ́ràn omi mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ti di ìrù látòkèdélẹ̀. A máa ń sọ pé bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mojú ara wọn tán, alárinà a yẹ̀bá. Alárinà tiwa yìí ò gbọdọ̀ yẹ̀bá o. Bó bá lọ, ìgbéyàwó tú ká.

Àjàó_Ń_Béèrè

Fínígà ò ṣe nǹkan kan sí ọṣẹ ìfọbọ́ olómi o. Ọṣẹ ṣíbí kékeré 1, fínígà ṣíbí ìjẹun 3, ìfófó ṣì wà digbí. Kí ló fà á?

Etí_Odò

Torí pé kì í ṣe ọṣẹ gidi, tí a bá fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ní orí, ó ní ìrù, alárinà lòun náà, ṣùgbọ́n orí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní súfọ̀ nínú, fínígà ò sì lágbára tó láti fún irú orí bẹ́ẹ̀ ní háídrójìn. Ọṣẹ líle ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀: tí ẹ bá rí sodium palmate, sodium palm kernelate, sodium cocoate tàbí sodium tallowate níwájú, ọṣẹ gidi ni. Tó bá jẹ́ sodium cocoyl isethionate ló ṣáájú, ẹ wá òmíràn.

Ìyàtọ̀ kan náà ló ń hàn nínú omi líle, èyí tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀. Káṣíọ̀mù àti magnésíọ̀mù inú omi bẹ́ẹ̀ máa ń di orí méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á jọ di èérí funfun tí kì í yọ́, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara bàsíà. Tí ẹ bá fẹ́ fi hàn wọ́n, ẹ yọ́ iyọ̀ Epsom ṣíbí kékeré kan sínú omi mílílítà 200, ẹ fi omi ọṣẹ líle tí ẹ ti yọ́ sílẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ gbọn ọ́n. Kò ní hó. Ẹ fi ọṣẹ ìfọbọ́ sínú irú omi kan náà: á hó.

Ìdérí_Ìgò

Ṣé a wá lè sọ fún wọn pé ọṣẹ ń pa kòkòrò àrùn? Torí ìyẹn gan-an ni àwọn òbí fẹ́ gbọ́.

Kẹ́mísírì_Àgbà

Ẹ sọ pé ó ń *kó o lọ*, ẹ ò ní ṣìnà. Ọ̀rá ara wa ni kòkòrò àrùn máa ń lẹ̀ mọ́. Ìrù ọṣẹ wọ inú ọ̀rá náà, omi fa orí, gbogbo rẹ̀ bá omi lọ. Àwọn fáírọ́ọ̀sì kan tún wà tí ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe aṣọ ìbora, kòrónà wà lára wọn. Ìrù ọṣẹ máa ń já aṣọ ìbora yẹn, fáírọ́ọ̀sì náà á sì tú ká. Àmọ́ àwọn mìíràn, bíi norovirus tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti èébì, kò ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Omi tó ń ṣàn àti ọwọ́ tó ń ra ara wọn ló ń gbé wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí wọ́n fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kí wọ́n ra àárín ìka àti abẹ́ èékánná. Ìrù nílò àyè láti wọlé. Ọmọ tó mọ̀dí rẹ̀ kì í sábà fi omi kan ọwọ́ lásán kó ní òun ti fọ̀ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé "kò sí kẹ́míkà nínú ọṣẹ yìí". Omi gan-an kẹ́míkà ni. A ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan kọ́ wọn kí a fi ọwọ́ kejì tú u.

Olùtọ́jú_Láàbù

Fún ìparí kíláàsì, bọ́ọ̀lù ọṣẹ. Omi mílílítà 250, ọṣẹ ìfọbọ́ mílílítà 30, gílísáríìnì mílílítà 10. Tí kò bá sí gílísáríìnì, ṣúgà ṣíbí kékeré 2. Rírò ni, kì í ṣe gbígbọn. Ẹ pò ó ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kí ìfófó orí rẹ̀ lè kú, nítorí ìfófó tó bá lẹ̀ mọ́ etí òrùka ìfẹ́ á bẹ́ bọ́ọ̀lù náà kó tó jáde.

Ara bọ́ọ̀lù náà dà bí ìrọ̀rí: ọṣẹ níta, ọṣẹ nínú, omi láàárín. Orí gbogbo wọn kọjú sí omi, ìrù gbogbo wọn kọjú sí afẹ́fẹ́. Omi àárín yẹn ń ṣàn wálẹ̀, ó sì tún ń gbẹ. Gílísáríìnì ló ń dá gbígbẹ yẹn dúró díẹ̀. Kí ọmọ fi omi ọṣẹ rẹ ọwọ́ rẹ̀ kó tó gbé e, bọ́ọ̀lù á jókòó sọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ gbígbẹ ló ń bẹ́ ẹ. Kó tẹjú mọ́ òkè bọ́ọ̀lù náà. Àwọ̀ á máa yí padà bí ara rẹ̀ ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i, títí tí àwọ̀ á fi tán lókè tí ibẹ̀ á dà bíi pé ó lu. Kò lu o: ó ti fẹ́lẹ́ débi tí kò tó 30 nánómítà. Àyàfi kó yára wò ó, bíbẹ́ ló kàn.

Ọṣẹ tó bá ta sójú, omi mímọ́ tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi ṣan án títí ara á fi tù ú. Ọṣẹ ẹ̀rọ ìfọbọ́ àti ọṣẹ ìfọṣọ oníkókó inú rọ́bà kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá náà rárá, wọ́n le ju ti ojú àti ẹnu ọmọdé lọ.

Olùkọ́_Èwe

Ẹ kú àdúrótì. Bí mo ṣe tò ó nìyí: ìgò méjì, ìṣẹ́jú 8, kílíìpù àti ata, 12, òwú àti amọ̀, 12, bọ́ọ̀lù ọṣẹ níta, 8. Àwọn tó jẹ́ ọdún 7 àti 8 á sín ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú fínígà. Ibo ni ká da òróró inú ìgò kìíní sí? Mi ò fẹ́ dà á sí ojú ọ̀nà omi.

Kẹ́mísírì_Àgbà

Ẹ má tíì dà á nù. Ẹ gbé e pamọ́ títí ìparí kíláàsì, kẹ́ ẹ tún gbé e jáde nígbà tí wọ́n rò pé ó tán. Ẹ fi ọṣẹ ṣíbí kékeré kan hàn wọ́n, kẹ́ ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó dà á sí i pé kí ló máa ṣẹlẹ̀, kí sì ni ìdí rẹ̀. Èyí tó bá ní "ọṣẹ máa lé òróró lọ" ṣì wà lọ́dọ̀ jagunjagun. Ẹ dá bọ́ọ̀lù amọ̀ rẹ̀ padà fún un, kó fi òwú tọ́ka sí ibi tí omi wà àti ibi tí òróró wà. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá da ọṣẹ náà sí i, kẹ́ ẹ dojú ìgò dé ní ìgbà 20. Bó bá ti funfun tán, omi púpọ̀ lẹ máa fi ṣàn án lọ.